Ìfiwéra àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: èwo ló ń tọ́ ẹ̀ṣọ́ ìfúnpá níjà, èwo ló ń bá a rẹ́?

Ẹni méjì lè máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ̀rọ sì kọ 130 lórí 80 fún àwọn méjèèjì lórí ìjókòó. Síbẹ̀, ọ̀kan á dìde wéré lórí bẹ́ẹ̀dì, èkejì á kọ́kọ́ di ògiri mú kí òòyì tó lọ. Iye tí ẹ̀rọ kọ kò yàtọ̀. Ohun tí oògùn kálukú ṣe fún ètò tí ara fi ń tún ìfúnpá ara rẹ̀ ṣe ló yàtọ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ bá dókítà rẹ̀ jókòó láti yan oògùn kò gbọ́dọ̀ béèrè bí oògùn ṣe ń mú ìfúnpá wálẹ̀ tó nìkan. Kó tún béèrè pé: bó bá ti mú un wálẹ̀, kí ni ara máa ṣe láti gbé e padà, ṣé oògùn náà á sì gbà á láyè?

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lọ́rùn àti láyà

Ibi méjì pàtàkì ni ara ti ń ṣọ́ ìfúnpá. Ọ̀kan wà lọ́rùn, lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí ti pín sí méjì. Èkejì wà láyà, níbi tí iṣan àgbà tó jáde láti inú ọkàn ti ṣẹ́rí padà sísàlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ara iṣan yìí tó sì fẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á máa ránṣẹ́ léraléra sí ìdí ọpọlọ. Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀, iṣẹ́ tó ń rán á dínkù, ọpọlọ á sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ohun méjì ni ọpọlọ máa ń ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: á mú kí ọkàn yára lù, á sì mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ọwọ́ ọkàn àti ọwọ́ iṣan, torí pé àwọn méjèèjì la máa lò jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kíndìnrín náà á dá sí i, á di omi àti iyọ̀ mú, àmọ́ tirẹ̀ máa ń gba wákàtí tàbí ọjọ́. Baroreflex ni àwọn oníṣègùn ń pe ètò ọlọ́wọ́ méjì yìí.

Ẹ wo ẹni tó dùbúlẹ̀ tó wá dìde. Kò tíì dúró tán tí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Èyí tó ń padà sínú ọkàn á dínkù, ọkàn á máa tú díẹ̀ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, ìfúnpá á sì yẹ̀ wálẹ̀. Kíá ni ẹ̀ṣọ́ ọrùn á ti mọ̀. Ọkàn tó ń lù nígbà 68 láàárín ìṣẹ́jú kan á sáré dé nǹkan bí 80, iṣan ẹsẹ̀ àti ti ikùn á súnkì, ìfúnpá á padà sípò. Ìgbà tí onítọ̀hún bá fi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti parí. Òun fúnra rẹ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ oògùn le ni pé ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń gba ipò tó bá bá nǹkan. Bí ìfúnpá bá ti wà ní 170 fún ìgbà pípẹ́, á gbà pé 170 ló yẹ kó wà, á sì máa dáàbò bò ó. Ẹni tí oògùn bá wá mú ìfúnpá rẹ̀ já sí 140 láàárín ọjọ́ mélòó kan lè máa rò pé agbára òun ti tán, bẹ́ẹ̀ 140 kì í ṣe ìfúnpá tó kéré rárá. Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ń pariwo. Bí a bá ní sùúrù, tí a mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á gba ipò tuntun. Ọjọ́ orí, iṣan tó ti gan àti àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára tún máa ń sọ ẹ̀ṣọ́ yìí di ògbólógbòó tí kì í tètè gbọ́. Irú àwọn èèyàn yìí ni yíyan oògùn ti ṣe pàtàkì jù lọ.

Ìfiwéra ní kúkúrú

| Oògùn | Ìlù ọkàn | Ìfúnpá bí èèyàn bá dìde |
|---|---|---|
| Hydralazine, minoxidil | Á yára gan-an | Kì í sábà já. Àyà ló máa ń lù kìkì |
| Nifedipine tó ń tètè tú | Á yára | Ó lè já ní kété tí wọ́n bá lò ó |
| Amlodipine | Kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà | Kì í sábà já |
| Verapamil, diltiazem | Á falẹ̀ | Ó lè já díẹ̀ |
| Atenolol, metoprolol, bisoprolol | Á falẹ̀ | Iṣan ń súnkì, ọkàn ò lè yára. Ẹ ṣọ́ àgbàlagbà |
| Carvedilol, labetalol | Á falẹ̀ tàbí kó má yí | Ó lè já |
| Prazosin, doxazosin, terazosin | Á yára díẹ̀ | Ó ń já, àgàgà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ |
| Clonidine, methyldopa | Á falẹ̀ | Ó lè já |
| Lisinopril, ramipril, losartan, valsartan | Kì í yí padà | Kì í sábà já bí omi ara bá pé |
| Hydrochlorothiazide, indapamide, chlorthalidone | Kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà | Ó ń já bí omi ara bá gbẹ |

Àwọn tó ń tọ́ ẹ̀ṣọ́ níjà

Hydralazine àti minoxidil máa ń wọ ara iṣan tààrà, wọn á sì mú kó dẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀ṣọ́ rárá, ibi tí wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ rí i pé ìfúnpá já lójijì, ó fa ọwọ́ ọkàn, ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Kíndìnrín náà gbọ́, ó di iyọ̀ àti omi mú. Bí wọ́n bá fi irú oògùn yìí nìkan sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí ara á fi gba púpọ̀ padà nínú ohun tí oògùn já kúrò, ẹsẹ̀ á sì wú lé e lórí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi oògùn méjì mìíràn ti minoxidil lẹ́yìn: ọ̀kan tó ń mú kí ìlù ọkàn falẹ̀, ọ̀kan tó ń tọ omi jáde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í tó sínú ẹran ọkàn rẹ̀, tí àyà ti máa ń fún pọ̀ bó bá ṣe iṣẹ́ agbára, lè rí ìpalára gidi lára hydralazine tí wọ́n fún un láìsí alábàárìn, nítorí ọkàn tó ń sáré ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i.

Nifedipine tó ń tètè tú wà nínú ẹgbẹ́ yìí náà. Nígbà kan, bí ìfúnpá ẹnì kan bá ga lójijì, wọ́n á gún kápúsù rẹ̀, wọ́n á kán an sábẹ́ ahọ́n. Ìfúnpá á já wáá, gbogbo èèyàn á dunnú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó máa já dé, ọkàn á máa sáré tẹ̀ lé e, àwọn kan sì ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ tàbí kí ọkàn wọn daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti pa àṣà yìí tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń dábàá rẹ̀ fún yín, ẹ má gbà.

Ẹ wá wo amlodipine. Ọmọ ìyá nifedipine ni, ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lára iṣan, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Amlodipine máa ń gbà tó wákàtí 6 sí 12 kó tó pọ̀ dé òkè nínú ẹ̀jẹ̀, á sì tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Ó ń yọ́ wọlé, ẹ̀ṣọ́ kò sì ní ohun tó máa fi ké. Èyí gan-an ni mo kà sí ẹ̀kọ́ tó níye lórí jù nínú gbogbo ìfiwéra yìí: bí oògùn bá ṣe yára tó ni ara ṣe máa ń bá a jà tó, kì í ṣe bó ṣe lágbára tó nìkan. Nifedipine tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24 náà dára fún ìdí kan náà. Ẹ kàn má fọ́ ọ tàbí kẹ́ ẹ rún un lẹ́nu, torí á padà di èyí tó ń tètè tú. Ẹsẹ̀ tí amlodipine máa ń mú wú kì í ṣe omi tí kíndìnrín dì mú. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé dẹ̀ ju èyí tó ń gbé e jáde lọ ni, ìyẹn ni oògùn ìtọ̀, èyí tó ń tọ omi jáde, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irú wíwú yẹn.

Verapamil àti diltiazem wà nínú ìdílé yìí kan náà, àmọ́ àwọn máa ń mú kí ìlù ọkàn fúnra rẹ̀ falẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ lè fa ọwọ́ ọkàn títí, ọkàn ò ní sáré púpọ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀ mọ́ atenolol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ọkàn ń ṣọ́ onítọ̀hún, nítorí ìlù ọkàn lè falẹ̀ débi ewu.

Àwọn tó ń di ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́

Atenolol, metoprolol, bisoprolol àti propranolol ń di ọwọ́ ọkàn. James Black, onímọ̀ nípa oògùn, ló ṣe propranolol jáde láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó sì wà lára iṣẹ́ tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Bí ẹni tó ń lò wọ́n bá dìde, ẹ̀ṣọ́ á ránṣẹ́, ọkàn á sì kọ̀ láti sáré. Ọwọ́ iṣan ṣì wà lómìnira, nítorí náà ìfúnpá ọ̀dọ́ kì í sábà já nígbà tó bá dìde. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà yàtọ̀. Ọwọ́ iṣan tirẹ̀ ti rọ tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá tún di ọwọ́ ọkàn mọ́ ọn, kí ló kù? Gígun àtẹ̀gùn náà lè máa sú ẹni tó ń lò wọ́n, torí iye tí ọkàn lè sáré dé ti ní òdiwọ̀n. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré láìnídìí, tí àyà ń fún pọ̀, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ rí, mo máa ń rí ẹgbẹ́ yìí bí ohun tó yẹ. Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìlànà ìtọ́jú ń fi bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní ásímà gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gbà á. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin ní láti mọ̀ pé bí ṣúgà bá já, àyà lè má lù kìkì kó lè kìlọ̀ fún un. Òógùn ara ni kó máa ṣọ́.

Prazosin, doxazosin àti terazosin ló ń di ọwọ́ kejì, ọwọ́ iṣan. Ọwọ́ yìí ni ara gbára lé jù bí a bá dìde, ìdí nìyẹn tí hóró àkọ́kọ́ fi lè dá èèyàn wó. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré jù lọ, nígbà tí onítọ̀hún bá fẹ́ sùn, wọ́n á sì kìlọ̀ fún un pé bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n lóru, kó kọ́kọ́ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Nínú ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ ALLHAT, wọ́n dá apá tó ń lo doxazosin dúró ní ọdún 2000, nítorí pé ọkàn àwọn tó ń lò ó ń rẹ̀ tí omi sì ń kún wọn lára ju ti àwọn tó ń lo chlorthalidone lọ. Mi ò ní fi ẹgbẹ́ yìí ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin àgbà ló ń lò ó láìmọ̀ pé ìfúnpá ni ó ń fọwọ́ kàn: wọ́n kọ ọ́ fún wọn torí ìtọ̀ tí kò jáde dáadáa. Bí òòyì bá ń kọ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ gbogbo oògùn rẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "ẹ̀jẹ̀ ríru" sí lára nìkan.

Carvedilol àti labetalol ń di ọwọ́ méjèèjì, débi pé ẹni tí wọ́n bá fi labetalol sí lára láti inú abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Èyí tó lọ bá ọpọlọ fúnra rẹ̀

Clonidine àti methyldopa kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń dín àṣẹ tó ń jáde kù. Methyldopa ṣì ní àyè rẹ̀ lọ́dọ̀ aboyún, òun, labetalol àti nifedipine tó ń tú díẹ̀díẹ̀. Clonidine ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Bí ẹni tó ti ń lo èyí tó pọ̀ bá gbàgbé rẹ̀ sílé tó sì rìnrìn àjò, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ìfúnpá lè fò sókè ju bó ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ, pẹ̀lú orí fífọ́, ara gbígbọ̀n àti òógùn. Àṣẹ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá tún ń lo atenolol mọ́ ọn, á burú sí i: ọwọ́ iṣan nìkan ló wà lómìnira, òun ló máa fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ yọ méjèèjì, atenolol ni dókítà máa ń kọ́kọ́ yọ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni clonidine. Ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní clonidine.

Àwọn tó ń bá ẹ̀ṣọ́ rẹ́

Ara ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní angiotensin. Ó máa ń mú iṣan súnkì, àmọ́ ó tún ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀: á mú kí ẹ̀ṣọ́ gba ipò gíga, á sì sọ ọwọ́ ọkàn di aláìtètè dáhùn. Lisinopril, ramipril, enalapril, perindopril kì í jẹ́ kí ara ṣe é. Losartan, valsartan, candesartan ń dí ibi tó ń wọ̀ sí. Bí a bá mú un kúrò, ẹ̀ṣọ́ á gba ipò tó relẹ̀, kò sì ní í bá ìfúnpá tuntun náà jà. Ìyẹn ni ìfúnpá fi ń wálẹ̀ tí ìlù ọkàn kò sì yí padà. Fún ẹni tí òòyì ti máa ń kọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn yìí àti amlodipine ni mo máa kọ́kọ́ bá dókítà sọ.

Ibi tí wọ́n ti lè dani ni ìgbà tí omi ara bá gbẹ. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú ẹnì kan, angiotensin ni ara fi ń di ìfúnpá mú kó má já. Ẹni tó ń lo lisinopril kò ní alátìlẹ́yìn yẹn mọ́, ìfúnpá lè já, kíndìnrín sì lè jìyà rẹ̀. Kó pe dókítà lọ́jọ́ náà, kó béèrè bóyá kó dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀. Aboyún ò gbọ́dọ̀ lò wọ́n rárá. Bí lisinopril bá ń fa ikọ́ gbẹ, losartan kì í sábà fa irú ikọ́ bẹ́ẹ̀.

Oògùn ìtọ̀ (hydrochlorothiazide, indapamide, chlorthalidone) kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́. Omi tí ẹ̀ṣọ́ ní láti lò ló ń dínkù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ara á gbìyànjú láti gbà á padà, lẹ́yìn náà iṣan á dẹ̀, ó sì parí. Ọjọ́ tí oòrùn bá mú tàbí tí èèyàn kò mu omi tó ni kí ẹ ṣọ́ra.

Kí lẹ fi máa mọ tiyín?

Ẹ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wọn ìfúnpá àti ìlù ọkàn. Ẹ dìde, ẹ wọn ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3. Bí iye òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já, tàbí tí iye ìsàlẹ̀ fi 10 já, ó ti kọjá ààlà. Òwúrọ̀, kẹ́ ẹ tó lo oògùn, àti wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ lò ó ni ẹ wọn ọ́n sí, torí ìgbà méjèèjì kì í sọ ohun kan náà.

Ẹ má fojú fo ìlù ọkàn. Ká sọ pé ìfúnpá já láti 150 sí 120, ọkàn sì gòkè láti 70 sí 95. Ẹ̀ṣọ́ yín ń ṣiṣẹ́. Omi ló ṣeé ṣe kó má tó, oògùn ìtọ̀ sì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Bí ìfúnpá bá já bákan náà tí ọkàn kàn gòkè láti 70 sí 75, ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ni kò dáhùn dáadáa, bóyá nítorí àtọ̀gbẹ tàbí àrùn tó ń ba iṣan ìròyìn jẹ́, ìyẹn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara (nerve). Àfi tẹ́ ẹ bá ń lo bisoprolol, verapamil tàbí clonidine, torí nígbà náà oògùn ló di ọkàn lọ́wọ́, ìlù ọkàn kò sì lè jẹ́rìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré pa oògùn tì bí òòyì bá kọ́ wọn. Nínú ìwádìí SPRINT, tí wọ́n gbé jáde ní 2015 lórí àwọn èèyàn tó lé ní 9,000, àwọn tí wọ́n mú ìfúnpá wọn wálẹ̀ sísàlẹ̀ 120 kò ní ìfúnpá tó ń já nígbà ìdìde ju àwọn tí wọ́n mú tiwọn wálẹ̀ sísàlẹ̀ 140 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídákú wáyé díẹ̀ sí i láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú náà ń ba ẹ̀ṣọ́ jẹ́. Ẹ mú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ wọn, pẹ̀lú ìlù ọkàn, lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan ti ìtọ̀, ti oorun, ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti sildenafil, oògùn agbára ọkùnrin tí ẹ kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Wọ́n lè pààrọ̀ ọ̀kan, wọ́n lè pín ìwọ̀n sí òwúrọ̀ àti alẹ́, tàbí kí wọ́n yọ èyí tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru rárá.